Òǹgbẹ Tí N Kò Béèrè

Bàbá mi àtàtà,

Láti Alàmísì, n kò lè jókòó sójú kan. Bí mo bá jókòó, màá dìde; bí mo bá dìde, màá gbàgbé ohun tí mo fẹ́ lọ mú. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ni mo fi mú bírò.

Ẹ ò mọ̀ pé mo ti di dókítà. Nígbà tí ẹ lọ, mo ṣì wà ní girama, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà lára aṣọ tí ẹ fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ẹ̀gàn ni mo wà báyìí, ibi tí tọmọdé tàgbà ń gbé gbogbo nǹkan wá: ikọ́, ìgbẹ́ gbuuru, ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀yìn dídùn. Ọ̀pọ̀ ló ti fún àìsàn ara wọn lórúkọ kí wọ́n tó jókòó. Wọ́n á ní, "Dókítà, ibà ni jàre, ẹ kàn kọ oògùn fún mi."

Ibà náà ni wọ́n pe tiyín. Ẹ ń mu omi bíi pé ẹ̀ ń dà á sínú yanrìn, ẹ̀ ń tọ̀ ṣáá, ṣòkòtò yín ń tú nídìí, ọgbẹ́ ẹsẹ̀ yín kò sì jinná. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó kí a má baà rí i. Bọ̀dá oníkẹ́míìsì ìsàlẹ̀ àdúgbò wa ní Ìdímù ń ta oògùn ibà fún yín, ó tún fi ti taifọ́ọ̀dù kún un. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìtọ̀ ṣúgà títí ó fi pẹ́ jù. Mo di bọ̀dá yẹn sínú láti ọjọ́ náà. Mo máa ń gba ọ̀nà mìíràn kí n má baà kí i.

Oṣù tó kọjá, bíríkìlà kan tó ń jẹ́ Kàmọ́rù wá sọ́dọ̀ mi. Kò tíì pé ogójì ọdún. Ó ní ara ń ro òun, òun ò lókun àtigun àkàbà mọ́. Ara rẹ̀ kò gbóná. A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ibà níbẹ̀. Síbẹ̀, Bàbá, oògùn ibà ni mo kọ fún un. Èrò pọ̀ níta, ọmọ ọwọ́ kan ń ké, mo sì ti sọ fún ara mi pé iṣẹ́ inú oòrùn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. N kò bi í bóyá òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. N kò bi í bóyá ó ń rù. Kí ló dé tí èmi, ọmọ yín, fi gbàgbé ìbéèrè méjì yẹn?

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Sìdí ìyàwó rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ márúwá gbé e padà wá. Ojú rẹ̀ ti jìn, ó ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré, bẹ́ẹ̀ ìdùbúlẹ̀ ló wà. Èémí rẹ̀ ń rùn bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti ń bàjẹ́. Mo gún ìka rẹ̀. Ṣúgà náà ga débi pé ẹ̀rọ wa kò lè kà á mọ́. A fa omi sí i lára, a fún un ní abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, mo sì bá wọn wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Lọ́nà, Sìdí ní, "Gbogbo oògùn tí ẹ kọ ló lò tán. Mínírà ló fi ń pa òǹgbẹ."

Nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, èmi àti Sìdí jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo lè dákẹ́, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Mo ní, "Sìdí, èmi ni mo ṣàṣìṣe. Ó yẹ kí n ti rí i nígbà àkọ́kọ́ tó wá."

Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lajú ná."

Ọjọ́ kejì ló tó lajú. Alihamudulilahi.

Nígbà tí mò ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn ńlá, mo yà sọ́dọ̀ bọ̀dá oníkẹ́míìsì. Ó ti darúgbó, kò dá mi mọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ra òwú lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jáde. Ṣé ẹ̀yin bínú sí i rí, Bàbá? N kò gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ní Alàmísì, Kàmọ́rù àti Sìdí wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ náà nílé. Kàmọ́rù ń sá fún un. Sìdí gbà á, ó gún un láìgbọ̀n. Mo ní kí wọ́n mú àwọn ọmọ wá fún àyẹ̀wò, nítorí àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí, mo sì sọ fún wọn pé òun ló pa bàbá mi.

Sìdí ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Dókítà? Ìgbà wo lẹ yẹ tiyín wò kẹ́yìn?"

Ó ti ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ṣúgà wò sọ́dọ̀ mi, mo sì gún ìka mi. Mo gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà, láti sààrì n kò fẹnu kan nǹkan. Iye tó jáde kò sún mọ́ ti Kàmọ́rù rárá, ṣùgbọ́n ó ga ju ti ẹni tí kò jẹun lọ. Sìdí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ojú mi ló kà. Ó fi òwú tẹ ìka mi, ó ní, "Ẹ má sá o."

Mo mọ ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn: àyẹ̀wò kan ṣoṣo kì í parí ọ̀rọ̀, a óò tún un ṣe, oúnjẹ ṣeé yí padà, oògùn wà. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ara mi, kò wọlé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe yín lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn? Ṣé ẹ mọ̀, tí ẹ kàn dákẹ́ nítorí tiwa?

Mo ti sọ fún ọkọ mi nírọ̀lẹ́ yìí. Láàárọ̀ ọ̀la, kí n tó jẹun, dókítà ẹlẹgbẹ́ mi yóò gba ẹ̀jẹ̀ mi. Màá jókòó síbi tí àwọn aláìsàn ń jókòó, màá sì dáhùn gbogbo ohun tó bá bi mí. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Màá lọ.

Kí Ọlọ́run tẹ́ ibùsùn yín sí Alujánnà.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí àárò yín ń sọ.