Oògùn Abẹ́ Ahọ́n Tí O Ní Kí N Fi Ránṣẹ́

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Kílóòsì J,
                                        Òpópónà 22,
                                        Festac Town,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kejì, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Afeez,

Ṣé dáadáa ni ìwé yìí bá ọ ní Ìwó? Bàbá Afeez ńkọ́, ṣé ikọ́ ọyẹ́ ti fi wọ́n sílẹ̀? Afeez àti ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ ọmọ tó sọ pálọ̀ rẹ di pápá bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ẹ kú ọyẹ́ tó ń lọ, ẹ kú ooru tó ń bọ̀. Èmi náà wà. Iná wà lónìí, omi kò sí. Lánàá, omi wà, iná kò sí. Ẹni tó bá rí méjèèjì pa pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní àdúgbò wa, kó dúpẹ́, kó sì yára fọ aṣọ.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Mo fẹ́ fi ohùn dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́: bí mo bá sọ gbólóhùn méjì tó tako ohun tí o ní lọ́kàn, o ó pa fóònù. Lẹ́tà kò ṣe é pa, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

O ní dókítà eegun ní Òṣogbo ti fi yé ọ pé òun kò ní ṣiṣẹ́ abẹ sí orúnkún rẹ àfi tí kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá kọ́kọ́ lọ lára rẹ. O ní ó di ọdún kejì báyìí tí o ti ń kírun lórí àga, àti pé ohun tí o ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run kò ju kí o tún lè fi iwájú orí kan ilẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni o wá ní kí n bá ọ ra oògùn họ́mónù tí wọ́n ń kán sábẹ́ ahọ́n, èyí tí àbúrò ọkọ rẹ rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé Festac níbí ni wọ́n ti ń tà á. O ní kí n fún awakọ̀ ní páàkì Mile 2 kó gbé e wá kí ààwẹ̀ Rámádàánì tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí o bá pa oògùn mọ́ ààwẹ̀, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà yóò parí lóṣù kan.

Ìyá Afeez, mi ò tíì fún awakọ̀ kankan ní nǹkan kan. Fara balẹ̀ kí o gbọ́ ìdí rẹ̀.

O mọ Ẹ̀bùnlọlá, ọmọ àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Amuwo-Odofin. Nígbà tí ọdún tó kọjá ń parí lọ, ó ní síìpù gbogbo síkẹ́ẹ̀tì òun ti kọ̀, kò sì sí ohun tó máa mú òun rán òmíràn. Ó mú ìgò kan wálé tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ìwé tí wọ́n fi wé e pọ̀ ju oògùn inú rẹ̀ lọ. Mo kà á. O mọ̀ mí, ìwé tí wọ́n fi pọ́n àkàrà pàápàá, mo máa ń kà á kí n tó jẹ àkàrà. Ìwé náà ní họ́mónù tí ara aláboyún máa ń pèsè ló wà nínú ìgò, òun ni yóò pàṣẹ fún ọ̀rá pé kó kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú lẹ́tà tó rí bí ẹsẹ̀ èèrà, ni wọ́n wá kọ ọ́ sí pé ẹni tó ń lò ó kò gbọdọ̀ jẹ ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kálórì lóòjọ́. Mo ṣírò rẹ̀ fún un: ẹyin sísè méjì, èso ápù kan, kùkúḿbà, ẹja tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Mo ní bí èèyàn bá ń jẹ èyí nìkan láti àárọ̀ dalẹ́, kí ni oògùn tún ń wá níbẹ̀?

Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin náà ṣáà máa ń bi gbogbo nǹkan léèrè.”

Bí oṣù Kìíní ṣe wọlé, ìjọ wa kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ṣíṣínu. Ẹ̀bùnlọlá rò ó gẹ́lẹ́ bí ìwọ náà ṣe rò ó: ó pa méjèèjì pọ̀. Láàárọ̀, oògùn lábẹ́ ahọ́n, lọ́sàn-án, àdúrà, nírọ̀lẹ́, ẹyin kan àti kùkúḿbà. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó ṣiṣẹ́. Kílò mẹ́sàn-án lọ kí ààwẹ̀ tó parí. Síkẹ́ẹ̀tì tí kò gbà á tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí po nídìí rẹ̀. Èmi gan-an wo ara mi nínú dígí lọ́jọ́ kan, mo ní ṣé kì í ṣe ìbéèrè ni mo fi ń dá ara mi dúró báyìí.

Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọ rí nínú ọ̀rọ̀ náà ló yà mí lẹ́nu jù. Wọn ò mọ̀ nípa ìgò. Ààwẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Bí ọmọ náà ṣe ń rù, bẹ́ẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ń kàn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jìn wọnú di ẹ̀rí pé tọkàntọkàn ló ń gbàdúrà, àwa tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwa ṣì kún wá dà bí ẹni tó ń jẹun lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Pásítọ̀ wa, ẹni tí kì í kí èèyàn káàárọ̀ láì kọ́kọ́ tún táì rẹ̀ ṣe, pè é síwájú ìjọ, ó ní Ẹ̀bùnlọlá ni yóò darí àdúrà ọjọ́ tí ààwẹ̀ bá parí.

Ọjọ́ náà pé. Ó dìde. Ó gba kókó àdúrà mẹ́ta. Lórí ìkẹrin, ó ṣubú lulẹ̀.

Ẹ̀yin ò ní irú ìṣòro yìí ní mọ́ṣáláṣí. Ní ìjọ tiwa, ẹni tó bá ṣubú lórí àdúrà, ẹ̀mí ló gbé e ṣubú, ọ̀wọ̀ ni wọ́n sì ń fi fún un. Wọ́n da aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn olórin gbé ohùn sókè. Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, “Ẹ má fọwọ́ kàn án o, iṣẹ́ ń lọ lára rẹ̀.” Èmi náà sì jókòó, Ìyá Afeez. Bóyá ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi jókòó tí mo ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró níwájú àwọn ọmọ tó tò sí pápá láàárọ̀, ìwọ náà sì ṣe é. A mọ ọmọ tó ṣubú nítorí pé kò jẹun kúrò nílé: ètè rẹ̀ á funfun, òógùn tútù á sì bo iwájú orí rẹ̀. Mo na ọrùn wo ètè Ẹ̀bùnlọlá. Mo dìde, mo ní kí wọ́n bá mi wá omi àti ṣúgà.

Ìyá yẹn ní, “Àǹtí, ìgbàgbọ́ yín dà?”

Mo ní, “Ó wà níbi tó wà. Ṣúgà ni mò ń wá.”

Nígbà tó la ojú díẹ̀, tó sì lè gbé nǹkan mì, mo fún un ní omi ṣúgà ní ṣíbí ṣíbí. Pásítọ̀ ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Níwọ̀n ìgbà tí mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lókè, ó yẹ kí n sọ èyí náà: òun fúnra rẹ̀ ló wà á, táì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ọrùn títí a fi débẹ̀. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi fa omi sí i lára. Dókítà ní ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, iyọ̀ ara kan tí ọkàn fi ń lù déédéé sì ti dín kù. Ó ní ká ní ó pẹ́ sí i lábẹ́ aṣọ yẹn ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ.

Bí o bá rò pé ibẹ̀ ni mo dúró sí, o ti gbàgbé mi. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ, mo gbéra, mo lọ bá ẹni tó ń ta oògùn náà ní Apple Junction. Ta ni mo bá níbẹ̀? Ìyìn Gbádégẹṣin ni, tí mo kọ́ ní sáyẹ́ǹsì, ọmọ tó kọ ọ́ sínú ìdánwò pé kíndìnrín la fi ń mí. Ó wọ kóòtù funfun, ó gbé ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbọ́ àyà kọ́rùn. Wọ́n kọ “Dókítà Ìyìn, Olùdarí Àgbà àti Ọ̀gá Pátápátá nípa Ìsanra” sára ògiri. Ikùn òun alára ti ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ẹ̀rọ náà ń gbálẹ̀.

Mo ní, “Ìyìn, ta ló fi ọ́ jẹ dókítà?”

Ó ní, “Màámi, àwọn oníbàárà ni.”

Kò purọ́ fún mi tó bí mo ṣe rò. Mo bi í pé kí ló wà nínú ìgò gan-an. Ó ní òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá, wọ́n ti dí i kó tó tẹ òun lọ́wọ́. Mo bi í bóyá àwọn tó lò ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àwọn kan ti lo ìgò mẹ́fà. Mo ní bí ìgò àkọ́kọ́ bá ṣe é, kí ni wọ́n ń fi ìkẹfà ṣe? Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀tún, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Màámi, wọ́n tún ń sanra ni. Ẹni tí ebi ti pa tó yẹn, ṣé kò ní jẹun?”

Mo padà délé, mo ka ohun tí mo lè kà. Àwọn onímọ̀ ti dán họ́mónù yìí wò lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n fún àwọn kan ní họ́mónù, wọ́n fún àwọn kan ní omi lásán, oúnjẹ kékeré kan náà ni wọ́n sì fún gbogbo wọn jẹ. Àwọn oníhọ́mónù àti àwọn olómi fọn bákan náà. Ebi ló ṣiṣẹ́, ìgò ló gborúkọ.

Ẹnì kan tó kù tí mo wádìí lọ́wọ́ rẹ̀ ni Waheed, tó ń bá mi na ara mọ́tò mi bó bá ti wó, ní Alákijà. Àtọ̀gbẹ ń yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà sì ní kó dín ara kù. Kílò mẹ́tàlá ló ti lọ lára rẹ̀ láàárín ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Mo ní kó sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Kò rí ìtàn sọ. Ó ní òun gé èbà sí ìdajì, òun fi ẹ̀fọ́ kún un. Òun fi míńírà sílẹ̀. Òun ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù. Oṣù kan, kílò kan a lọ. Oṣù mìíràn, nǹkan kan kò ní lọ. Oṣù Iléyá, méjì padà wọlé. Mo ní kí ló wá ṣe? Ó ní, “Màmá, mo tún bẹ̀rẹ̀ ni.” Ìyàwó rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀: “Ẹ má jẹ́ kó tàn yín, ojoojúmọ́ ló ń kùn.” Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Mo rò ó títí mo fi délé pé bóyá ohun tí ọ̀nà yìí kò fi lókìkí nìyẹn. Kò sí ohun tí èèyàn lè rí fi jẹ́rìí níwájú ìjọ. Ó lọ́ra débi pé aládùúgbò rẹ̀ kò tilẹ̀ fura.

Ẹ̀bùnlọlá ńkọ́? Nínú kílò mẹ́sàn-án tó lọ, márùn-ún ti padà dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láì kan ilẹ̀kùn.

Mo mọ ohun tí o ó sọ: pé ọmọdé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kò lo oògùn kankan, síbẹ̀ ó ṣubú. Ìwọ ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, o sì ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mì láràárọ̀. Kì í ṣe pé mo mọ gbogbo rẹ̀ tán. Mo kà pé abẹ́rẹ́ kan wà nísinsìnyí tí àwọn dókítà gidi fi ń ran àwọn kan lọ́wọ́ láti dín sísanra kù. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ ọ́, mo sì fẹ́ mọ̀. Bi dókítà Òṣogbo léèrè. Bi í nípa ààwẹ̀ náà pẹ̀lú oògùn tí o ń lò, kí oṣù tó yọ. Mo ti bá ọ ṣírò: bí kílò kan bá ń lọ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kò ní ju nǹkan bí oṣù méje lọ. Jẹ́ ká fi oṣù mẹ́ta kún un nítorí Iléyá àti nítorí ìwà wa. Dókítà kò dá ọjọ́ fún ọ, ìwọ lò ń lé ara rẹ.

Nítorí náà, mi ò ní fi ìgò kankan ránṣẹ́. Èmi fúnra mi ni mò ń bọ̀. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni n ó dé, títí ìtúnu ààwẹ̀ ni n ó sì wà níbẹ̀. A ó jọ lọ rí dókítà náà. Ohun tó bá ní kí o jẹ, èmi ni n ó máa sè é, n ó sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú rẹ, kódà bó jẹ́ kùkúḿbà. Mo mọ̀ pé orúnkún rẹ kò gba ìrìn púpọ̀. Bó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé kejì la lè dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ká dúró níbẹ̀, ká kí wọn, ká padà.

Bá mi kí Bàbá Afeez dáadáa, kí o sì bá mi kí àwọn agbábọ́ọ̀lù inú pálọ̀. Sọ fún àbúrò ọkọ rẹ tó rí oògùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ìbéèrè méjì péré ni mo ní fún un. Ẹ̀bùnlọlá ní kí n kí ọ. Iṣu àti ẹ̀fọ́ ló ń jẹ lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Inú á bí ọ sí mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n má pè mí lórí fóònù láti bínú. Fi ìbínú náà pa mọ́ dè mí, kí n lè jókòó tì ọ́ bí o bá ń bínú náà.

Tìrẹ ni mí, inú rẹ dùn, inú rẹ kò dùn,

Juliana Ògúndípẹ̀
(Ìyá Kọ́ládé)