Igi Ọsàn Kẹtàdínlógún

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ oko. Àlàáfíà ni mo wà ní Florida. Mi ò rù, fọ́tò yẹn ni ò dára.

Bí bakitéríà tó ń pa ọsàn níbí bá wọ inú igi, igi náà fúnra rẹ̀ ló ń dí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà dé gbòǹgbò, ebi á sì pa á. Igi tí ohun tó jogún lára ìyá rẹ̀ kò ní jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀ ni mò ń wá. Láti dán wọn wò, à ń so ẹ̀ka tó ń ṣàìsàn mọ́ wọn lára, bí ẹ ṣe máa ń so ọsàn dídùn mọ́ igi ọsàn kíkan. Ti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bọ́, tèmi ń mú. Ọ̀gá mi ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Mo ní, "Bàbá mi ni, ní Ògòtún." Ó ní kí ẹ wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun!

Nínú ogójì igi, mọ́kàndínlógójì ni ewé wọn ti pọ́n. Ìkẹtàdínlógún nìkan ló ṣì tutù yọ̀yọ̀, ọdún kejì rèé. Lọ́jọ́ ìsìnkú Màámi tí mi ò lè wá, mo kọ orúkọ wọn sẹ́yìn páálí nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀.

Ẹ bi mí bóyá màá wálé fún ìrántí ọdún kan wọn. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń yẹ igi náà wò, Bàbá. Mo mọ̀ pé ohun tí mo sọ nígbà ìsìnkú náà nìyẹn.

Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Àkànní àti gbogbo ará ulé. Bí ẹ bá dé ìdí sàréè Màámi, ẹ sọ fún wọn pé igi wọn kò tíì ṣàìsàn.

Ọmọ yín,
Ọláwùmí