Àwọn Tó Ti Wà Lóko Kí A Tó Dé

Bàbá mi tí mi ò rí mọ́,

Ó rẹ̀ mí o. Ẹjọ́ ilẹ̀ oko wa lọ́nà Àgọ́-Àrẹ ti gba gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yìí mọ́ mi lọ́wọ́. A ò tíì kọ ebè tán, ẹnu la fi ń ṣiṣẹ́.

Àwọn olùkọ́ Yunifásítì kan ló dá a sílẹ̀. Wọ́n wá gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ àpáta tí ẹ ti máa ń jẹun ọ̀sán, wọ́n hú àpáàdì jáde, wọ́n hú ẹdùn àrá, irú èyí tí ọkọ́ yín máa ń kàn. Àbúrò yín, Alhaji, ní ojú sánmà ni ẹdùn àrá ti ń já bọ́, pé Mẹ́kà ni baba ńlá wa ti wá, kò sì bá ẹnì kankan níbí. Ọ̀gá àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ọwọ́ èèyàn ló pọ́n òkúta náà, pé àwọn èèyàn ti gbé ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé. Ni àwọn ará abà kejì tó bá oko wa pààlà bá gbá ọ̀rọ̀ yẹn mú. Wọ́n ní abẹ́ àpáta yẹn gan-an ni baba ńlá tiwọn ti yọ jáde látinú ilẹ̀, ìkòkò wọn ni, ilẹ̀ wọn ni. Ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀dó ló nilẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Bàbá, sàréè yín wà nínú ilẹ̀ yẹn.

Lọ́la tí wọ́n máa dá ẹjọ́ náà, wọ́n fẹ́ kí n gbọ́wọ́ lé Kùránì láàfin, kí n búra pé a ò bá ẹnì kankan níbẹ̀. Alhaji ní kò ju gbólóhùn kan lọ, tí mo bá kọ̀, ilẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n níbo ni kí n wá fi ìkíni yín sí? Láràárọ̀ tí a bá dé oko, kí ẹ tó sọ ọkọ́ kalẹ̀, ẹ ó kọjú sí àpáta náà, ẹ ó ní, “Ẹ kú ilé o.” Mi ò rí ẹnì kankan. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, ẹ ó fà mí létí, ẹ ó ní àlejò kì í wọlé láìkí onílé. Ta lẹ̀ ń kí, Bàbá? Ta ló sọ fún yín? Èwo gan-an lẹ gbà gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ kì í pa ìrun jẹ? Inú ń bí mi sí yín díẹ̀ pé ìkíni nìkan lẹ fi sílẹ̀ fún mi.

Mi ò ní búra. Ká ní ẹ wà láyé, ẹ̀yin náà ò ní búra.

Wọn ò ní jẹ́ kí n wọ ibẹ̀ mọ́. Màá máa dúró létí ọ̀nà, màá ṣí fìlà, màá kọjú sí yín, ẹ̀yin àtàwọn tẹ́ ẹ bá níbẹ̀.

Ẹ kú ilé o, Bàbá.

Èmi ọmọ yín, tí àárò yín ń sọ