Sandra Ni Wọ́n Sọ Mí Níbi Iṣẹ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ iléeṣẹ́ wa.

Ìkòròdú ni mò ń gbé. Iléeṣẹ́ fóònù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń dá àwọn oníbàárà tó bá pè lóhùn. Sandra ni wọ́n sọ mí níbẹ̀. Àwọn oníbàárà á bú mi, wọ́n á bú ìyá mi, màá ṣì máa rẹ́rìn-ín. Tí mo bá fi máa délé, mi ò lè gbé fóònù sétí mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá mi pe iléeṣẹ́ wa láti Ẹ̀pẹ́ pé káàdì táwọn rà kò wọlé. Bí mo ṣe dáhùn, wọ́n ní, "Àṣàbí, àbí ìwọ kọ́ nìyẹn?"

Ọ̀gá wa dúró sẹ́yìn mi, ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n ti lé ẹnì kan rí torí pé ó bá ẹbí ẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní, "Rárá, mà. Sandra lorúkọ mi."

Màmá mi ní, "Ẹ má bínú, mà. Ohùn yín ló jọ ti ọmọ mi."

Ìyá tó bí mi ló ń pè mí ní mà!

Mo bá wọn yanjú káàdì náà. Mo wá béèrè ohun tí iléeṣẹ́ ní ká máa bi gbogbo èèyàn: "Ṣé nǹkan mìíràn wà tí a lè ṣe fún yín?"

Wọ́n ní, "Tí ẹ bá rí Àṣàbí níbẹ̀, ẹ ní kó pe ìyá ẹ̀."

Ẹ̀yin olùgbọ́, Iléyá ti dé tán, mò ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹnu wo ni kí n fi kí wọn?