Àpò Tí Ẹ Ò Fi Nǹkan Kan Sí

Agbo ilé wa, Bẹ́yẹrúnkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Jímọ̀, Iléyá ku díẹ̀.

Mutmainnah Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé níbikíbi tí omi bá gbé ọ dé. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Bàbá rẹ kí ọ, orúnkún wọn ti fúyẹ́, wọ́n tún ti ń gun òkè Mápó lọ kó fìlà tí wọ́n rán fún àwọn oníbàárà. Ògiri ẹ̀yìnkùlé tí òjò wó, páànù la fi dí i. Adìẹ mi pamọ, àwòdì sì ti ń gbé wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dùn mí tó ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí.

Ìwé ni mo kọ nítorí pé Purofẹ́sọ̀ Jemima, ọ̀gá rẹ, kì í jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́, òun ló ń gbé e. Á sọ Òyìnbó, kò ní kí mi, kò ní jẹ́ kí n fèsì, á tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, á sì gé e mọ́ mi lẹ́nu. Bàbá rẹ ní ẹ̀rọ ni, pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lójú òkun ni. Mo bi wọ́n pé ṣé ẹ̀rọ ló ń ní ohùn obìnrin tó dùn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n padà sídìí fìlà tí wọ́n ń rán. Mo mọ ohùn yẹn, mo ti gbọ́ ọ nínú fídíò tí o fi ránṣẹ́.

Fídíò ọ̀hún ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ wọ irú ẹ̀wù kan náà, aláwọ̀ ọsàn, tó wú bíi tìmùtìmù, o sì pè é ní Mọ́mì. Mo ní kí bàbá rẹ tún un fi hàn mí. Mọ́mì náà ni o pè é. Mi ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ bàbá rẹ, mi ò ní orogún, ìwọ ọmọ mi lo wá kó méjì lé mi lórí, Purofẹ́sọ̀ àti òkun.

O ṣàlàyé iṣẹ́ yín, mo sì gbọ́ ọ yé. Ẹ so àwọn àpò ràbàtà onírọ́bà mọ́ ojú òkun, omi òkun àti àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ kún inú wọn. Ẹ wá ń fẹ́ gáàsì sínú àwọn kan, èyí tó ń tinú èéfín mọ́tò jáde, tó ń tinú èémí wa jáde, tó sì ń ta ni nímú nínú mínírà, kí ẹ lè mọ bí òkun yóò ṣe rí lọ́jọ́ iwájú tí ayé bá ń rú èéfín báyìí lọ. O ní gáàsì náà ń mú kí omi òkun kan bí omi ògì, tí ìkarahun àwọn ẹ̀dá kéékèèké ibẹ̀ ò fi ní lè dára mọ́. O ní ẹ sì fi àpò kan sílẹ̀ lásán, ẹ ò fẹ́ gáàsì kankan sínú rẹ̀. Mi ò rí ọgbọ́n inú ìyẹn. Ohun tó dùn mí ni pé bí èémí ẹnu mi bá ń dé inú òkun lóòótọ́, á jẹ́ pé èémí mi ń rí ọ jù mí lọ. Mo jowú èémí ara mi.

Nígbà tí o wá ní o ò ní lè wálé ṣọdún, pé kò sẹ́ni tó máa ṣọ́ àwọn àpò náà, mo ní ó dáa, èmi náà á ṣe òkun tèmi. Mo gbé abọ́ méjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi omi àti iyọ̀ sí wọn, mo ju ìkarahun ìgbín sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì da mínírà sínú ọ̀kan. Mo rò pé tí o bá gbọ́ pé irú iṣẹ́ yín wà nílé, wàá máa wá wò ó. Bàbá rẹ ti ìrun alásàrí dé, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, wọ́n gbé abọ́ onímínírà mu kanlẹ̀. Ìkarahun kàn wọ́n léyín. Wọ́n ní mínírà ayé ìsinsìnyí ti níyọ̀ jù.

Ní ti owó, jọ̀ọ́ fi ti àgbò ránṣẹ́, kí o sì fi ti ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn yẹn kún un. Mo wá a kiri Gbági, wọ́n ní àwọn ò tà á. Mo ní kí bàbá rẹ fi fóòmù rán an fún mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí ó rí fún ìyá ẹni.

Kí omi má gbé ọ lọ, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Kí Ọlọ́run ṣọ́ Purofẹ́sọ̀ náà pẹ̀lú, tó bá ti lè jẹ́ kí o wálé.

Abọ́ kejì ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó mu ún, kò sẹ́ni tó wò ó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi rántí ohun tí o sọ nípa àpò tí ẹ fi sílẹ̀ lásán, pé òun náà lẹ ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́, nítorí tí ẹ ò bá mọ bó ṣe rí, ẹ ò ní mọ ohun tí àwọn yòókù ti dà. Àṣàkẹ́, èmi ni àpò yẹn. Wá yẹ̀ mí wò.

Èmi ni, Ràbíátù,
ìyá rẹ kan ṣoṣo.