Orúkọ Tí Ìyá Ṣadé Kì Í Pè

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú àárò wa, ẹ kú ìrọ́jú. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Olódì-Àpápá níbí. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, kí ẹ sọ fún wọn pé mi ò gbàgbé oògùn ojú tí wọ́n ní kí n rà. Táyọ̀, àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí, kó rọra kà á o, kó má sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn, torí mo mọ̀ pé ó kan ìyá ẹlòmíì náà.

Àlàáfíà ni mo wà. Òjò ò jẹ́ ká gbádùn, omi ti dé ẹnu ọ̀nà wa, búlọ́ọ̀kù la tò tí a fi ń kọjá. Ariwo tírélà ní Málù Road kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń le fún mi jù, tí ọ́fíìsì bá tì, tí mi ò ní ẹni tí màá bá sọ̀rọ̀ ju onílé mi lọ, onílé mi ò sì ní ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu ju ọ̀rọ̀ iná ìjọba lọ. Àárò yín máa ń sọ mí gan-an. Owó tí mo fi ránṣẹ́ sí Táyọ̀ kò tó nǹkan, ẹ fi ra epo, ẹ má bínú.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Mo ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ ní kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́. Ó dáa, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́ dénú pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, àmọ́ kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe la máa ń kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sínú àkọsílẹ̀ kan tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. A kì í kọ ọ́ lásán, ńṣe la máa ń so ó pọ̀: a so òṣìṣẹ́ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, a so ó mọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ, a so ọ̀gá náà mọ́ ẹgbẹ́ tó jẹ́rìí sí i. Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan níbikíbi lè máa tẹ̀ lé e láti ọ̀kan dé èkejì, láì pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Ó dà bí ìgbà tí àlejò bá ń wá ilé wa: wọ́n á júwe ilé ẹlẹ́ran fún un, tó bá débẹ̀, wọ́n á júwe ilé wa. Tí ẹnì kan bá ṣì í júwe, ilé onílé ló máa já sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sìkírá nìyẹn. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni Sìkírá, wẹ́dà ni, obìnrin sì ni. Ẹ má yanu, Màmá. Tó bá jó irin mọ́ irin, ẹ ò ní mọ ojú ibi tó ti so ó. Málù Road ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Ṣadé. Àwọn ni wọ́n ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un, kí wọ́n tó kú lọ́dún tó kọjá. Ilé iṣẹ́ kan tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Snake Island fẹ́ gbà á síṣẹ́. Wọ́n wo orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ wa, wọ́n tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ni wọ́n bá rí i pé fọkanáísà ni ọ̀gá náà, pé ó tún ń kan àga. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ọ rí pé ẹni tó ń lẹ táyà ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ wẹ́dà. Wọ́n fún un di ọjọ́ Ẹtì kó lọ tún un ṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á mú ẹlòmíì.

Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó fà á. Ta ló ń pe ọ̀gá rẹ̀ lórúkọ? Nígbà tí a bi àwọn ọmọ iṣẹ́ léèrè orúkọ ọ̀gá wọn, Bàbá Ṣadé ni wọ́n sọ, Bàbá Ṣadé la sì kọ. Bàbá Ṣadé mẹ́ta ló wà ní Málù Road: wẹ́dà, fọkanáísà àti kápẹ́ńtà. Kọ̀ǹpútà ò mọ àṣà ilé wa, ó pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di ẹyọ èèyàn kan. Àwa tí a wà ní ọ́fíìsì náà ò fura, torí létí tiwa, orúkọ gidi ni Bàbá Ṣadé.

Sìkírá jókòó síwájú mi, kò sunkún, ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Inú mi bàjẹ́. Ká tó lè tú wọn ká, àfi ká rí orúkọ tí ọ̀gá náà ń jẹ́ gan-an. Òfin wa sì ni pé a kì í gbé orúkọ ẹnikẹ́ni sí gbangba láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí olúwarẹ̀ bá ti kú, ìyàwó tàbí ọkọ tó fi sílẹ̀ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ náà, a ó sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. La bá gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣadé, ìyàwó ọ̀gá Sìkírá.

Wọ́n gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà, wọ́n fún wa ní mínírà. Wọ́n ní ọmọ àwọn ni Sìkírá, kò sí ohun tí àwọn ò lè ṣe fún un. Àmọ́ nígbà tí mo ní kí wọ́n pe orúkọ ọkọ wọn, ojú wọn yí padà. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti wọlé ọkọ, orúkọ yẹn ò jáde lẹ́nu àwọn rí, ṣé ìgbà tí ọkọ àwọn wọ ilẹ̀ tán ni àwọn máa wá di aláìmọ̀wà-á-hù. Wọ́n ní ká lọ bi Ṣadé. Mo ṣàlàyé pé òfin ò gba ti Ṣadé. Wọ́n kàn ń mi orí. Inú ń bí mi díẹ̀, mi ò ní parọ́, torí ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì.

Sìkírá ló kúnlẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn ọ̀gá tó kù ní obìnrin ò lè ṣe wẹ́dà, ọ̀gá òun ló fa iná lé òun lọ́wọ́. Ó ní ní báyìí, tí ayé bá ń béèrè ẹni tó kọ́ òun, ẹni tó ń lẹ táyà ni wọ́n ń rí, iṣẹ́ ọ̀gá òun ti di ti ẹlòmíì. Ìyá Ṣadé fa Sìkírá dìde. Wọ́n wá ní kí àwa méjèèjì kọjú sí ògiri.

A kọjú sí ògiri, mo na fóònù sẹ́yìn. Wọ́n kọ́kọ́ bẹ ọkọ wọn, wọ́n ní kó má bínú, pé torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe orúkọ náà: Ràmọ́nì Àkànjí Oyèdélé. Wọ́n tún un pè, bẹ́ẹ̀ mi ò ní kí wọ́n tún un pè. Sìkírá bú sẹ́kún. Ó ní gbogbo ọdún tí òun fi gbé ọ̀dọ̀ wọn, òun ò mọ̀ pé Ràmọ́nì ni wọ́n ń jẹ́. Omi bọ́ lójú èmi náà.

A tún un ṣe lọ́jọ́ náà gan-an. Ràmọ́nì Àkànjí Oyèdélé, wẹ́dà, ti dá dúró láàyè ara rẹ̀, a sì ti so Sìkírá mọ́ ọn bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gba Sìkírá síṣẹ́, láràárọ̀ ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi iṣẹ́ báyìí.

Màmá, ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tó ń mọ ìkòkò òdòdó wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ní Ìyá Bọ́lá ni, ní Ìpetumodù ìlú wa. Kò mọ̀ pé èmi ni Bọ́lá. Mi ò lè tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Èmi tí mi ò lè mọ àwo ata kan kó dúró, orúkọ mi ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ tí ẹ ti ń ṣe kí wọ́n tó bí mi. Mo mọ orúkọ yín, àmọ́ mi ò lè gbé e síta láìgba àṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu ara yín pè é sínú fóònù Táyọ̀, kó fi ránṣẹ́ sí mi. Orúkọ tí bàbá yín sọ yín ni kí ẹ pè, ẹ má pe tèmi.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ọwọ́ yín ò ní gbọ̀n, ojú yín ò ní ríbi. Ẹ kí gbogbo ará ilé àti àwọn ẹgbẹ́ yín ní ìdí iṣẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́lá