Kámẹ́rà Tí Kò Rí Ojú Bàbá

Ilé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún.

Má-Mira, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti san? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọn ò tíì fa tẹlifíṣọ̀n yín wó lulẹ̀? Àwa náà wà dáadáa níbí, a dúpẹ́. Ọkọ mi ń kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ti di ẹni tí wọ́n ń yà láwòrán tipátipá. Wàá mọ ìdí rẹ̀ tí o bá kàwé yìí dé ìsàlẹ̀.

Mo mọ̀ pé ò ń retí kí n sọ pé mo ti ju lẹ́ńsì mi nù gẹ́gẹ́ bí o ṣe pàṣẹ lórí fóònù. N ò jù ú. Wá ibì kan jókòó sí, kí o bu omi mu, nítorí ìwọ náà wà nínú ẹjọ́ yìí.

O mọ̀ pé Bàbá mi kì í ya fọ́tò. Láti ìgbà tí Màámi ti fi ayé sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá ti gbé kámẹ́rà sókè, ògiri ni Bàbá máa ń kọjú sí. Nínú gbogbo fọ́tò ilé wa, ẹ̀yìn fìlà rẹ̀ la rí. Èmi tí mo ń fi fọ́tò yíyà jẹun, n ò ní ojú bàbá tó bí mi lára ògiri mi. Ó ń dùn mí ju bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ní báyìí, ẹsẹ̀ Bàbá ò gba àtẹ̀gùn ilé wa mọ́, a sì ti fẹnu kò pé lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ yìí ni yóò kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbéni débẹ̀. Ọmọ mi ò tíì lè dá jókòó. Tí ó bá dàgbà, ṣé ẹ̀yìn fìlà ni n óò nawọ́ sí pé bàbá ìyá rẹ̀ nìyí?

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ló gbà, ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o, torí ọmọ náà. Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti rọra ń wọlé, kọ́tìnnì wà lẹ́yìn rẹ̀, mo gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀. Mo ya wọ́n bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ojú Bàbá bàìbàì, ojú ọmọ bàìbàì, ṣùgbọ́n kọ́tìnnì ẹ̀yìn wọn, o fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka òwú ara rẹ̀! Bàbá wò ó, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kámẹ́rà ò fẹ́ràn òun, kọ́tìnnì ló fẹ́ràn, kí n máa ya kọ́tìnnì lọ.

Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́, tí o ní lẹ́ńsì ti kú, pé tìrẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí o fi pa ojú ènìyàn tì, tó jẹ́ ilé àti mọ́tò títà lò ń yà kiri. Ọ̀rọ̀ rẹ ò wọ̀ mí létí. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Kí a tó sìnkú lẹ́ńsì, ó yẹ ká kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń mí.

Mo kọ́kọ́ bi ara mi bóyá ọwọ́ mi ló gbọ̀n. Rárá. Tí ọwọ́ bá gbọ̀n, gbogbo àwòrán ló máa bàjẹ́, kọ́tìnnì náà ò ní yọ. Kámẹ́rà ríran, ibi tó wò ni kò dára. Mo wo bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ńsì, bóyá ẹnì kan ti tì í síbi tí a ti ń fọwọ́ yí i. Ó wà níbi tó yẹ. Mo tú lẹ́ńsì, mo fi aṣọ gbígbẹ nu àwọn irin kéékèèké tí òun àti kámẹ́rà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Mo tún rí i pé kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló ń yan ibi tó wù ú láti wò, mo sì gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀: àmì kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀, ibi tí mo bá gbé e lé ni kó wò. Mo ti ń fi ara mi ṣakọ nígbà tí mo pe ọkọ mi kó wá jókòó sórí àga Bàbá. Mo gbé àmì lé e lójú, mo ya á. Ojú rẹ̀ bàìbàì, etí rẹ̀ mú bí abẹ.

N ò sọ̀rètí nù o. Mo gbé kámẹ́rà lé orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo na tépù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ sórí tábìlì kó máa lọ kúrò lọ́dọ̀ mi, mo fi àmì sí nọ́ńbà ogún. Nọ́ńbà ogún ló mú, èyí tó wà níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀ ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Mo tún un yà, ogún náà ni. Lẹ́ńsì ò kú, kò tiẹ̀ ṣàìsàn! Mo gbé e lọ́wọ́, mo ya ìgò oògùn Bàbá, gbogbo lẹ́tà ara rẹ̀ ló hàn. Ìgò mú, tépù mú, ènìyàn ni kò mú. Kí ló wà lára ènìyàn tí kò sí lára ìgò?

Ọkọ mi ló tú àṣírí. Ìjókòó ti sú u, ló bá ní, "Ìyá ọmọ mi, kí ló dé tó jẹ́ pé tó o bá ti fẹ́ tẹ nǹkan yìí, ṣe lo máa ń na ọrùn sí mi bí ẹni tó fẹ́ ṣòfófó?"

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Ṣé o rántí ọ̀gá wa tó kọ́ wa ní fọ́tò yíyà? Ṣé o rántí bó ṣe máa ń kìlọ̀ pé ká tẹ bọ́tìnì dé ìdajì kí kámẹ́rà fi mú ojú oníbàárà, ká wá na ara sí oníbàárà, ká sọ ọ̀rọ̀ dídùn kan kí ojú rẹ̀ lè tú ká, ká tó tẹ̀ ẹ́ parí? Ìgò ò nílò ọ̀rọ̀ dídùn, ènìyàn nìkan la máa ń na ara sí. Nígbà ayé kámẹ́rà ọ̀gá, kò séwu, nítorí lẹ́ńsì tirẹ̀ ń ríran láti imú dé ògiri. Èyí tí àwa ń lò báyìí ń la ojú gbàgà, ibi tó ń mú kò nípọn ju ìka mélòó kan lọ. Tí o bá ti mú ojú oníbàárà tán, tí o wá na ara síwájú, ibi tó mú yẹn ń bá ọ lọ ni: ó kọjá ojú, ó dé etí, ó bọ́ sára kọ́tìnnì. Ìwọ tí ò ń pariwo "má mira" mọ́ gbogbo ayé, àwa gan-an là ń mira! Mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí.

Nítorí náà, gbé kámẹ́rà rẹ jáde kúrò nínú àpótí. Sọ ọ̀rọ̀ dídùn rẹ tán kí o tó fọwọ́ kan bọ́tìnì rárá. Tí ara rẹ ò bá sì gbà kó dúró, yí kámẹ́rà síbi tó ti máa ń tẹ̀lé ojú ẹni tó ń rìn, kó máa tún ojú rẹ̀ mú títí wàá fi tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò títà ò tọ́ sí irú ọwọ́ rẹ yẹn.

Ó wá ku Bàbá. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan lòun sọ, ẹ̀ẹ̀kan sì ti kọjá. Ọkọ mi ló bá mi bẹ̀ ẹ́ kó tó tún gbà lánàá, ó ní kò ní sí ìkẹta láéláé. Ẹ̀rù bà mí, n ò purọ́. Mo fẹ̀yìn ti ògiri kí n má baà lè na ara síbì kankan, mo fún apá mọ́ra, mo gbé àmì lé ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn tí mo ti tò sílẹ̀ ò jáde lẹ́nu mi. Bàbá wò mí sùn-ùn, ó ní, "Kí ló dé tó o dúró gbagidi bí òpó iná? Ta ló bá ọ jà?" Ni òun fúnra rẹ̀ bá bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n ò rí lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ìgbà Màámi. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ó mú! Gbogbo irùngbọ̀n funfun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ hàn, àpá kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ tí n ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Ọmọ ń wo ẹnu rẹ̀ bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Omi bọ́ lójú mi. Bàbá fa kọ̀ǹpútà súnmọ́ra, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn. Mo rò pé ó tún máa mẹ́nu ba kọ́tìnnì ni. Ó dìde, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó padà sórí àga, ó ní, "Ìkẹta ńkọ́?" À ń yà á lọ ni, bátìrì tó tán ló dá wa dúró.

Mo fi ọ̀kan sínú lẹ́tà yìí, pẹ̀lú èyí tí kọ́tìnnì ti mú, kí o lè fi wọ́n wéra. Bá mi kí bàbá àwọn ìbejì, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Ọ̀la ni Bàbá ń lọ. Fọ́tò rẹ̀ ti wà lára ògiri mi báyìí. Kò kọjú sí ògiri mọ́, àwa ló kọjú sí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í mira mọ́,
Ẹlẹ́rìn-ín.